Ta Ló Ń Pariwo? Bí A Ṣe Ń Parí Ìjà Láàárín Àwọn Pẹ́dàlì Gìtá

Nínú ètò wa tó kọjá, mo sọ díẹ̀ lára ìtàn pẹ́dàlì gìtá mi, àwọn kan nínú yín sì ní mo sáré jù, pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn lè fara balẹ̀ kà á. Ó rèé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: ìtàn yìí ò gbè mí. Mo fi ẹ̀sùn kan ẹni tó jù mí lọ, ẹ̀sùn ọ̀hún ò sì rí bẹ́ẹ̀.

Mo máa ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún tó kọjá, mo ra pẹ́dàlì kan ní pọ́n-ùn 60 lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ olórin. Ẹ̀gbọ́n yìí ti ta gìtá fún ẹgbẹ́ jùjú ní Ìbàdàn kó tó wá sí ìlú òyìnbó, kì í sì í ṣe ẹni tí í ṣèrú. Mo gbé pẹ́dàlì délé, mo so ó pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, mo fọwọ́ kan okùn. Háà! Ohùn tó jáde há bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìṣó ha agolo. Mo fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dàlì wah, ariwo súfèé sọ, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kan okùn kankan. Nígbà tí mo pa gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mọ́, nǹkan kan ṣì ń han fíììì lábẹ́lẹ̀ bí ẹ̀fọn létí.

Inú bí mi. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ ṣe yìí ò dáa. Ẹ mọ̀ pé nǹkan yìí ti bàjẹ́ kí ẹ tó tà á fún mi." Wọn ò fèsì. Ọjọ́ Ìsinmi méjì kọjá, "Ẹ káàárọ̀ sà" nìkan ni ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu mi jáde sí wọn. Àwọn ìyá tó ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rí i pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, torí gìtá méjì tó máa ń dá ara wọn lóhùn tẹ́lẹ̀ ti di àjèjì síra wọn.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbọ́ kàn-kàn-kàn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ni. Wáyà kan àti bátìrì fóltì 9 kan ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò jókòó, wọn ò mumi. Wọ́n ní, "Gbé gìtá ẹ wá. Tú gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn palẹ̀."

Kí ni pẹ́dàlì ń ṣe gan-an?

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ nípa gìtá, ẹ má jẹ́ ká fi yín sílẹ̀ lọ. Lábẹ́ okùn gìtá oníná, òòfà wà níbẹ̀ tí wọ́n we wáyà bàbà tín-ín-rín mọ́ lára ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Tí okùn bá ń gbọ̀n lókè òòfà yìí, iná kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú wáyà bàbà náà. Iná kékeré yìí ni ohùn gìtá. Ó máa ń gba inú wáyà lọ sínú ẹ̀rọ amp, amp á sọ ọ́ di ńlá, àwa á sì gbọ́ ọ.

Pẹ́dàlì ni àpótí kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó wà láàárín gìtá àti amp. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Fuzz máa ń fún ohùn pa títí á fi ki bí ẹ̀kọ. Wah máa ń jẹ́ kí ohùn ṣe bí ẹni ń ya ẹnu tó tún ń pa á dé. Delay máa ń dá ohùn padà bí ìgbà tí a kígbe sí àpáta. Reverb máa ń jẹ́ kó dà bíi pé a wà nínú gbọ̀ngàn ńlá. Tuner ní tirẹ̀ kì í yí ohùn padà, òun ló ń sọ fún wa bóyá okùn wà ní ipò tó yẹ. Àwọn márùn-ún yìí ni mo ní, báyìí ni mo sì ṣe tò wọ́n: gìtá, tuner, wah, fuzz, delay, reverb, amp. Ádápítọ̀ kan ṣoṣo ló ń fún gbogbo wọn níná, láti ara wáyà kan tó ní ẹnu márùn-ún.

Ẹ kọ́kọ́ tú u palẹ̀

Ẹ̀gbọ́n yọ fuzz sọ́tọ̀, wọ́n fi bátìrì sí i, wọ́n so gìtá mọ́ ọn tààrà, wọ́n so ó mọ́ amp. Wọ́n ní kí n ta á.

Ẹ̀yin ará, ohùn dídùn ló jáde. Ó ki, ó rọ̀, kò sí súfèé, kò sí ẹ̀fọn. Nígbà tí mo dín fọ́líùmù gìtá kù láti 10 sí 6, ìki náà ṣí kúrò lójú ohùn bí ìgbà tí kùrukùru bá ká. Ojú tì mí. Mi ò lè wojú wọn.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Àárín èrò ni mo ti gbọ́ ohùn fuzz, mo wá di gbogbo ẹ̀bi ru òun nìkan. Bẹ́ẹ̀ rèé, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú pẹ́dàlì márààrún. Ìtòsí ara wọn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ẹ̀kọ́ òní: pẹ́dàlì tó dáa lè bá pẹ́dàlì mìíràn tó dáa jà, tí a ò bá sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, aláìṣẹ̀ la máa dá lẹ́bi.

Mo mú ìwé kan. A ń dá pẹ́dàlì padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ń kọ ohun tí a gbọ́ sílẹ̀. Ìjà mẹ́ta la bá níbẹ̀.

Ìjà kìíní: buffer àti fuzz

A dá tuner padà síwájú fuzz. Kíá, ohùn agolo dé! Mo dín fọ́líùmù gìtá kù, kò yí padà, ó kàn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ ni. Mo ní, "Ṣùgbọ́n tuner kì í yí ohùn padà?" Ẹ̀gbọ́n ní, "Òótọ́ ni, àmọ́ buffer wà nínú ẹ̀."

Kí ni buffer? Ẹ rántí pé iná inú gìtá kéré. Tí wáyà bá gùn, tí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn náà bá sì ń fa iná púpọ̀, ohùn òkè, ìyẹn ohùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó ń dán, á ṣègbé sójú ọ̀nà. Buffer wà láti dènà èyí. Ẹnu tó fi ń gba ohùn wọlé ní ìdènà tó pọ̀, ó sábà máa ń tó ohm 500,000 sí 1,000,000, nítorí náà kì í fa nǹkan kan lára gìtá. Ẹnu tó fi ń ti ohùn jáde sì ní ìdènà tó kéré gan-an, kò lè rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ rere ni buffer ń ṣe.

Ṣùgbọ́n fuzz tèmi jẹ́ irú èyí tí wọ́n tò bíi Fuzz Face, tí ilé-iṣẹ́ Arbiter gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966, tí Jimi Hendrix sì mú gbajúmọ̀. Transistor méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ìdènà ẹnu tó fi ń gba ohùn wọlé kéré, ó lè jẹ́ ohm 10,000 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Kì í gba ohùn wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣe ló ń fà á mu.

Ẹ fojú inú wo ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ, tó ń fi kóńdó ewé ìbẹ́pẹ mu omi. Bó ti wù kó fà á tó, kóńdó náà tín-ín-rín, ìwọ̀nba omi ni yóò máa wọlé. Òòfà gìtá ni kóńdó yìí. Wáyà bàbà rẹ̀ ní ìdènà tirẹ̀, ìdènà náà sì ń pọ̀ sí i bí ohùn bá ṣe ń lọ sókè. Ìyẹn ló ń kó fuzz níjàánu, tó ń jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rọ̀. Tí a bá dín fọ́líùmù gìtá kù, a tún fi ìdènà kún un, fuzz á sì túbọ̀ rọra. Àmọ́ tí a bá fi buffer sáàárín, a ti yọ kóńdó kúrò, a wá ti ẹnu họ́ọ̀sì bọ ọmọ lẹ́nu. Á pin ín lẹ́mìí! Fọ́líùmù gìtá ò sì lágbára lórí rẹ̀ mọ́, torí buffer nìkan ni fuzz ń rí, kò rí gìtá.

Ojútùú: gbé fuzz sí iwájú pátápátá, kó fara kan gìtá tààrà. Kí buffer wá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé pé buffer kì í hàn lójú. Pẹ́dàlì mìíràn wà tí buffer rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kódà nígbà tí a bá pa á. Pípa pẹ́dàlì nìkan kò tó láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ọ̀nà pátápátá.

Ìjà kejì: wah àti fuzz

A yọ tuner, a fi wah sí iwájú fuzz. Bí mo ṣe fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síwájú báyìí, súfèé! Ọmọ tó ń sùn ní yàrá kejì jí.

Ìdí ni pé wah máa ń dá díẹ̀ nínú ohùn tó ti jáde padà sínú ara rẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí agbára tó fi ń yan ohùn kan láàyò ju èkejì lọ. Tí fuzz bá wá wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń fà á pẹ̀lú ìdènà kékeré yẹn, ìwọ̀n tó wà nínú wah á dàrú. Nígbà mìíràn, wah ò ní lè yanu dáadáa mọ́. Nígbà mìíràn, ohùn á máa yípo láàárín àwọn méjèèjì láìdúró, bí ìgbà tí a gbé gbohùngbohùn sún mọ́ sípíkà jù nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Súfèé tí mo gbọ́ nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, kí a fi buffer sáàárín wah àti fuzz. Àwọn wah kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti fi buffer síbi àbájáde wọn nítorí èyí. Àmọ́ a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé fuzz irú èyí kì í fẹ́ buffer níwájú, nítorí náà ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí ń ra wah padà, ó ń ta rírọ̀ fuzz. Èkejì, kí a gbé wah sí ẹ̀yìn fuzz. Ohùn rẹ̀ á yàtọ̀ díẹ̀, yíyanu rẹ̀ á le sí i, àmọ́ súfèé á lọ. Èyí ni mo yàn.

Ìjà kẹta: iná àjọlò

Ó ku ẹ̀fọn. A dá delay àti reverb padà, fuzz ṣì ń lo bátìrì tirẹ̀. Kò sí ariwo. Ẹ̀gbọ́n yọ bátìrì, wọ́n fi ẹnu wáyà ádápítọ̀ yẹn sí fuzz. Fíììì! Wọ́n yọ ọ́, wọ́n dá bátìrì padà. Wẹ́lo, ariwo pa lẹ́nu mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín wọn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà kékeré ni delay àti reverb òde òní. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, aago kan wà tó ń lu ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún tàbí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí iṣẹ́ lè máa lọ létòlétò. Gbogbo ìgbà tó bá lu ló ń bu iná mu lára wáyà àjọlò yẹn. Bíbu-mu yìí á mú kí iná inú wáyà náà máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Pẹ́dàlì mìíràn ò ní kọbi ara sí i, àmọ́ iṣẹ́ fuzz ni láti sọ ohun kékeré di ńlá. Ó gbọ́ ìgbọ̀n náà lórí wáyà iná rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ariwo.

Ẹnì kan lè béèrè pé, etí èèyàn kì í sábà gbọ́ ohun tó ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, báwo la ṣe wá gbọ́ aago tó yára tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ká ní aago kan ń lu ìgbà 100,000, èkejì ń lu ìgbà 101,500. Etí ò lè gbọ́ ìkankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n tí méjèèjì bá pàdé nínú fuzz, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, ìyẹn 1,500, á jáde gẹ́gẹ́ bí ohùn tuntun, ìyẹn sì wọ etí dáadáa. Ó dà bí onílù agogo méjì tí ìlù wọn fẹ́ bára mu àmọ́ tí kò bára mu: ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ sórí ara wọn, tí wọ́n tún ń pínyà.

Ojútùú: ẹ má jẹ́ kí fuzz àti àwọn pẹ́dàlì oníkọ̀ǹpútà jọ mu nínú ife kan náà. Fuzz kì í jẹ iná púpọ̀, tèmi ò tó mílíámpì 2, bátìrì kan á gbé e fún oṣù púpọ̀. Àmọ́ ẹ máa yọ wáyà gìtá kúrò lára rẹ̀ tí ẹ bá ṣe tán, torí nínú ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì, wáyà tí a ti bọ ẹnu àbáwọlé ló ń tan bátìrì. Ẹni tó bá gbàgbé á bá òkú bátìrì láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ apíná tí ẹnu kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dá dúró, tí iná ẹnu kan kò kan ti èkejì. Ó wọ́n, àmọ́ ó ń parí ìjà.

Ẹ ṣọ́ nǹkan mẹ́ta lórí ádápítọ̀. Fóltì gbọ́dọ̀ bá ti pẹ́dàlì mu. Mílíámpì ádápítọ̀ gbọ́dọ̀ tó àròpọ̀ ohun tí gbogbo pẹ́dàlì ń jẹ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò léwu. Ẹ̀kẹta ni ojú rere àti ojú òdì iná, tí a máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò iná pẹ́dàlì. Àwọn fuzz àtijọ́ kan wà, pàápàá àwọn tí transistor wọn jẹ́ germanium, tí ojú rere ni wọ́n so mọ́ àpótí wọn dípò ojú òdì. Tí ẹ bá so irú rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn yòókù lórí wáyà àjọlò, rere àti òdì á kan ara wọn ní tààrà. Ìyẹn kọjá ariwo, ó lè ba ádápítọ̀ jẹ́. Bátìrì tàbí ẹnu tó dá dúró nìkan ni kí ẹ fi gbé e.

Kíkùn tí kì í ṣe ti pẹ́dàlì

Nígbà mìíràn, ohun tí ẹ ń gbọ́ kì í han, ó ń kùn hùùù nísàlẹ̀. Iná ilé ló sábà máa ń fa ìyẹn. Ní Britain àti ní Nàìjíríà, iná ilé ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Cuba, ìgbà 60 ni. Nítorí náà, kíkùn ti èmi ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sílẹ̀ díẹ̀ ju ti ẹni tó wà ní Houston lọ!

Ẹ gbé gìtá dání, kí ẹ rọra yí ara yín ká. Tí kíkùn náà bá ń pọ̀ tó tún ń dín kù, òòfà gìtá ló ń gbá iná tó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá mú. Ẹ sún kúrò nídìí tiransífọ́mà, ó parí. Tí kò bá yí padà, tí gìtá sì so mọ́ ẹ̀rọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pílọ́ọ̀gì tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wáyà ilẹ̀ ti di méjì, ó ti ṣe òrùka, iná sì ń yípo nínú rẹ̀. Àpótí kékeré tó ní tiransífọ́mà nínú, tó ń gbé ohùn kọjá láìso wáyà ilẹ̀ pọ̀, ni oògùn rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já wáyà ilẹ̀ tàbí kó kán ẹsẹ̀ rẹ̀ lára pílọ́ọ̀gì nítorí kí kíkùn lè dákẹ́. Wáyà yẹn ló ń gba ẹ̀mí èèyàn là tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nínú amp. Ọwọ́ yín wà lórí okùn, okùn so mọ́ amp. Kíkùn kì í pààyàn, iná ń pààyàn.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nílé

1. Ẹ so gìtá mọ́ amp tààrà. Tí ariwo bá wà, pẹ́dàlì ò jẹ̀bi. Ẹ pààrọ̀ wáyà, kí ẹ tún gbọ́.
2. Ẹ fi pẹ́dàlì kan ṣoṣo sáàárín, kó máa lo bátìrì tó bá ṣeé ṣe. Ẹ gbọ́ ọ nígbà tí ẹ tàn án àti nígbà tí ẹ pa á.
3. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wọ́n kún ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
4. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá yí méjì padà, ẹ ò ní mọ èyí tó wò ó sàn.
5. Tí ariwo bá dé, ẹ yí ipò àwọn méjì tó kẹ́yìn padà. Tó bá lọ, ìjà ipò ni. Tí kò bá lọ, ẹ fún ọ̀kan ní iná tirẹ̀. Tó bá lọ, ìjà iná ni.
6. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Etí máa ń gbàgbé.

Ó lè gba wákàtí kan. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á pa eèrà, á rí ìfun inú rẹ̀.

Báyìí ni tèmi ṣe rí nígbà tí a ṣe tán: gìtá, fuzz, wah, tuner, delay, reverb, amp. Bátìrì ń gbé fuzz, ádápítọ̀ ń gbé àwọn yòókù. A ò ra nǹkan kan, a ò tún nǹkan kan ṣe. A kàn tún wọn tò ni.

Ó wá ku ìjà kẹrin, èyí tí mo dá sílẹ̀ fúnra mi. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì láàárín wáyà gbogbo, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo sọ ohun tí mi ò mọ̀." Wọ́n ní kí n dìde, pé ẹnu àti ahọ́n náà ń jà, wọn ò sì tìtorí ẹ̀ kó kúrò nínú ilé. Wọ́n wá ní, "Lọ́jọ́ mìíràn, tó o bá fẹ́ bínú sí mi, kọ́kọ́ yọ tuner." Ìyàwó mi gbé àmàlà wá. Ní ọjọ́ kejì, nígbà ọpẹ́, gìtá méjèèjì tún dá ara wọn lóhùn.

Tí pẹ́dàlì tiyín náà bá ń jà, ẹ kọ̀wé sí wa, kí ẹ sọ bí ẹ ṣe tò wọ́n. Ó dìgbà kan ná.